Mo Wá Ya Odò

Bàbá mi ya odò Aféré lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Fọ́tò dúdú òun funfun,
etí rẹ̀ ti ká bí ewé kajú nínú ọyẹ́.
Ó fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: *Abà Alápó, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.*
Omi ló gba gbogbo ìsàlẹ̀ àwòrán.
Ọmọbìnrin kan dúró nínú rẹ̀, ó mù ún dé orúnkún,
garawa lórí, ojú lára omi,
igi máńgòrò mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbé kámẹ́rà tèmi láti Ogbómọ̀ṣọ́, mo gun ọ̀kadà,
mo ní kí n lọ dúró síbi tí bàbá mi dúró.
Máńgòrò ni mo fi mọ ibẹ̀. Ọ̀kan ló kù.
Mo wo iwájú, yanrìn.
Mo wẹ̀yìn, yanrìn,
àti ipa táyà típà tó ń kó o lọ.
Mo wá ya odò,
odò ti yà.

Kò gbẹ o. Ẹ má purọ́ mọ́ ọn.
Wọ́n gbẹ́ ẹ ni.
Ẹni tó ní odò tó bá gbàgbé orísun ni í gbẹ,
kó wá wò ó: èyí ò gbàgbé nǹkan kan.
Katakata ló fi ọ̀nà mìíràn hàn án lókè ọ̀hún,
ó sì tẹ̀lé e
bí ọmọ tí wọ́n fà lọ́wọ́ kúrò nídìí eré.

Èmi náà tẹ̀lé kòtò.
Mùdáṣírù ń fi ẹ̀rọ fa díẹ̀ sí tòmátò;
ilẹ̀ tó jẹ́ kìkì òkúta wẹ́wẹ́ níjọ́sí ti tutù yọ̀yọ̀.
Ó já mẹ́ta fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.
Mo ya òun àti ọmọ rẹ̀
tó ń fi àtàǹpàkò dí ojú rọ́bà tó ń jò.
Níwájú díẹ̀, ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá,
páìpù rẹ̀ nípọn bí itan àgbà.
Mo rántí ọ̀rá méjì tí mo mu ní gáréèjì láàárọ̀.
Aféré wà nínú mi
bí mo ṣe ń wá a kiri.

Ohun kan wà tí fọ́tò ò lè sọ.
Nígbà ayé bàbá mi, omi ni wọ́n fi ń fọ àwòrán:
yàrá òkùnkùn, gílóòbù pupa, abọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì.
Omi tó pọn sí kẹ́ẹ̀gì ní Alápó lọ́jọ́ náà
ló fi ṣan fọ́tò yìí lálẹ́.
Odò bọ́jú ara rẹ̀
kó tó jẹ́ ká rí i.
Tèmi ò nílò omi.
Mo tẹ̀ ẹ́, kẹ́, ó ti jáde,
ó gbẹ bí ilẹ̀ tó yà.

Nírọ̀lẹ́ mo bá Ìyá Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà.
Mo na fọ́tò sí i. Ó wò ó, ó pẹ́.
"Ọrùn mi nìyí," ó ní, "kí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́."
Ó mú mi padà lọ sídìí máńgòrò,
ó ń fi ọ̀pá fa ìlà nílẹ̀,
títí dé ibi tí ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sí.
"Ibi tómi ń dé rèé. Ṣé ò ń rí i?"
Mo ní mò ń rí i.
Ó tún gèlè ṣe. Ó kọjá ìlà náà,
ó rọra ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún
kó má baà tutù.

"Ó yá, yà mí.
Ṣùgbọ́n níbo ni kí n kọjú sí?
Bàbá rẹ ní kí n máa wo omi."