Ọwọ́ tí Orógùn Mọ̀

Ọdún kẹta tí a ti sin Ìyá Àgbà
ni mo tó ṣí ilé ìdáná wọn n'Íjẹ̀bú-Igbó.
Ewùrà kan ṣoṣo ni mo mú dání.
Àárò ìkòkorẹ́ ló ń sọ mí.

Páànù tí a fi ń rin iṣu wà níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí.
Ìṣó ni wọ́n fi lù ú. Mo ti máa ń rò pé ó rẹ ẹni tó lù ú ni,
tí ihò òkè fi tóbi, tí tìsàlẹ̀ rí bí ojú eèrà.
Àṣé ti gbágùúdá ló wà lókè.
Ewùrà a máa yọ̀, kò gbọdọ̀ rí ihò ńlá sá gbà.

Ọmọrí ìkòkò náà ní ihò tirẹ̀.
Mo fi ẹ̀bà dí i nígbà èwe, mo ní ó ń jò.
Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn:
"Ẹni tí inú rẹ̀ ń hó, jẹ́ kó ríbi mí."

Ó ku orógùn.
Ọnàfowókàn ló gbẹ́ ẹ, agbẹ́gi tí kì í sọ̀rọ̀ bí àáké bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Etí kan tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni yóò ha ìdí ìkòkò;
ọrùn rẹ̀ jìn wọnú níbì kan, ibùsùn àtàǹpàkò.
Mo dì í mú, kò gbà.
Bí àtàǹpàkò mi bá débẹ̀, etí tẹ́ẹ́rẹ́ á kọjú sí òrùlé.
Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn,
ó ń bá mi jà bí bàtà ẹni ẹlẹ́ni.

Ewùrà ti ń lẹ̀ mọ́dìí ìkòkò.
Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ ọ́ sọ́wọ́ òsì.

Wẹ́rẹ́.
Àtàǹpàkò wọlé, ó jókòó bí ẹni tó toko dé.

Háà, Ìyá Àgbà!
Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá mi lọ́wọ́ bí mo bá fòsì gba ẹja,
"Tọwọ́bọlá! A kì í fòsì júwe ilé baba ẹni!"
Ẹ̀yin tí ẹ fọ̀tún jẹun, tí ẹ fọ̀tún ka owó gàrí,
ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ fi ń ti ilẹ̀kùn bí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jiná?
Àwa rò pé èròjà kan lẹ ń fi pa mọ́.

Ọjọ́ wo lẹ dúró níwájú Ọnàfowókàn,
tí ẹ na ọwọ́ tí bàbá yín fi okùn dè lọ́mọdé sí i,
tó wò ó, tí kò bi yín ní nǹkan kan,
tó kàn gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sínú igi?
Ó fẹnu mẹ́nu wọlẹ̀ lọ.

Mo jẹun tán. Ọ̀tún ni mo fi jẹ ẹ́ ṣáá.
Mo fọ orógùn, mo fẹ́ gbé e kọ́,
ìṣó rẹ̀ wà lápá òsì ààrò,
ó ti dán, ó ti tẹ̀ díẹ̀.
Ogójì ọdún. Mi ò rí i rí.