Ojú Owó, Ojú Ẹ̀rọ

Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, owó ò gbọ̀n.
Owó jókòó jẹ́ẹ́ lórí aṣọ dúdú,
fàdákà láàtì márùn-ún,
ọmọbìnrin onírun gígùn tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa.
Mo tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, kámẹ́rà ké píì,
ó ní òun ti rí i.
Irọ́ ni!
Òwú aṣọ ló rí. Mo lè ka òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan;
ọmọbìnrin ọ̀hún ṣe bàìbàì
bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì ilé ìwẹ̀.

Rihards ọmọ ọmọ mi ló fi ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ láti Liepāja.
Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wá ibi tí wọ́n ya òdòdó sí,
nǹkan kéékèèké ni òdòdó wà fún."
Mo wá òdòdó. Mo rí òkè, mo rí òṣùpá,
mo rí ọkùnrin kan tó ń sáré.
Ọjọ́ kejì ni mo tó rí òdòdó.
Mo tún wá sún mọ́ owó jù, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu kò ó lẹ́nu,
ojú ẹ̀rọ fọ́ pátápátá.
Ohun tó bá wọnú ojú, ojú kì í rí i.

Ogójì ọdún ni Arvīds fi kó wọn jọ
sínú agolo bísíkíìtì, sínú ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní èkejì.
Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n, ká má tíì sọ kí n nù wọ́n.
Ó ní ìdọ̀tí ara owó, ọjọ́ orí rẹ̀ ni.
Ó kú lóṣù kejì, odò Daugava ṣì dì gbagidi;
owó ooru ilé kò bá a kú.
Ẹ jẹ́ n tà.

Mo to ìwé léra lórí tábìlì ilé ìdáná:
ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé bí a ṣe ń se jáàmù,
méjì tí Arvīds kò dá padà sí láíbìrì.
Kámẹ́rà gun orí wọn, ó yọrí létí wọn, ó ń wo ìsàlẹ̀.
Bí owó bá fì díẹ̀ báyìí, imú á mọ́, irun á pòórá;
mo fi páálí ìṣáná tì í títí ó fi tẹ́jú.
Mo gé ike yógọ́ọ̀tì, mo fi bo iná lámpù,
kí fàdákà má baà bú sẹ́rìn-ín sí mi lójú.
Mo ní kí ẹ̀rọ ka ení, èjì, kó tó ṣẹ́jú,
kí ìka mi ti kúrò níbẹ̀.
Tíráàmù ń bọ̀. Ife ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Mo dúró kó kọjá.
Mo sé èémí.
Ení.
Èjì.

Ó mọ́! Ó mọ́ gaara bí omi àpáta!
Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ya ẹ̀yìn rẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà,
mo rí àpá méjì tó pọ́n bí eérú,
níbi tí wọ́n ti jó òjé mọ́ ọn rí,
tí ẹnì kan fi irin rọra họ ọ́ kúrò.
Píìnì tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ ni owó yìí nígbà kan.
Ìyá mi ní ọ̀kan. Abẹ́ kóòtù ló máa ń há a sí,
níbi tí ojú ìjọba kò dé.
Ìgbà òtútù tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó fi í pààrọ̀ ànàmọ́.
Arvīds ní ọwọ́ atukọ̀ kan lòun ti rà á.

Àbí òun náà ni? N kò mọ̀.
Ẹ̀rọ kò mọ̀: àpá ló rí,
kò rí àyà tí wọ́n há a mọ́.

Nírọ̀lẹ́, mo kọ̀wé sí Rihards:
Mo ti ya mọ́kàndínlógójì, wọ́n mọ́ dáadáa.
Ọ̀kan ló kù tí kò ṣe é tà.
Bàìbàì ló ń jáde, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n.