Ó Tún Wà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá orúkọ ìlú yìí fún ìyá mi lórí fóònù,
Ottumwa, ní Iowa,
wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè.
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ó tún wà, ayọ̀ wà!
Ta ló ní kí òyìnbó máa fi èdè wa sọ ìlú lórúkọ?"
N kò rí èsì fọ̀. Yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé,
òórùn ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi òru gé ẹran.
Bí mo bá bọ́ bàtà rọ́bà láàárọ̀ Sátidé,
n kì í lọ sùn. Pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mò ń lọ,
níbi tí Ìtùnú ọmọ mi ti ń lóṣòó sínú eruku.

Mo kọ́ ọmọ yìí ní ìkúnlẹ̀ títí ó fi pé ọdún mẹ́jọ.
Ó ní orúnkún ń dun òun, mo fi í sílẹ̀.
Ẹ wá wò ó: wákàtí méjì lórí ìlóṣòó,
irin lójú, ike láyà, awọ lọ́wọ́ òsì,
bí ẹni tó fẹ́ lọ kó afárá oyin.
Ó na ìka méjì sáàárín itan,
Marisol tó ń ju bọ́ọ̀lù mi orí, ó kọ̀.
Ó na mẹ́ta. Marisol gbà.

Verlyn ló là mí lóye,
bàbá arúgbó tó ń fi ẹfun fa ìlà
bí ẹni ń pín ilẹ̀ ogún.
Ó ti ta oko sóyà tirẹ̀, ẹsẹ̀ kan ń dùn ún.
Ó ní: "Kò le. O kúrò nílé, o yí po, o padà wálé.
Ẹni tí kò bá délé, wọn ò ní kà á."
Mo wo ojú rẹ̀, bóyá èmi ló ń bá wí.
Ó na ẹ̀pà sí mi, ó ń wo ojú ọ̀run.

Ìrọ̀lẹ́ Túsìdeé, ìgbà tiwa ni,
àwa ará ilé ẹlẹ́dẹ̀, ní pápá ìlú:
Kabeya ará Kóńgò, Rendy ará Pohnpei,
àti Dwayne, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé bésì.
Bọ́ọ̀lù rọra ń bọ̀ bí àlejò tó mọ̀nà;
mo gbé kóndó, mo fi gbogbo agbára na afẹ́fẹ́.
Ìtùnú di wáyà ọgbà mú, omi ẹ̀rín yọ lójú rẹ̀:
"Dádì, ẹran kọ́ nìyẹn! Ẹ má gé e!"

Sátidé tó kọjá, ìpele keje, ọ̀mì.
Ọmọ gíga kan ti bésì kẹta bọ̀ wálé
bí ẹran tó já okùn.
Bọ́ọ̀lù dé, Ìtùnú mú un.
Wọ́n kọlura.
Mo pè é, oríkì rẹ̀ ni mo pè,
èyí tí n kò pè láti ọjọ́ ìkómọ.
Nígbà tí eruku rọlẹ̀, bọ́ọ̀lù yẹ́lò náà wà nílẹ̀,
ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹyin.
Adájọ́ na ọwọ́ méjèèjì: ẹni yẹn ti délé.

Nínú ọkọ̀, kò sọ̀rọ̀.
Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí ń sá kọjá.
N kò sọ fún un pé eré lásán ni.
Nílé epo, ó ní, "Mo gbọ́ tí ẹ pè mí."
Mo ní, "Ẹ̀hẹ́n."
"Kí ló túmọ̀ sí?"
"Àwẹ̀ró. Ẹni tí a wẹ̀ tán tí a ró láṣọ."
Ó wo ara rẹ̀, eruku láti ọrùn dé ẹsẹ̀,
ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá mi pè lálẹ́. "Ṣé wọ́n borí?"
Mo ní rárá, ó ku bíńtín.
Omi ń dà ní balùwẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ pupa ń ṣàn lọ sínú ihò,
aṣọ eré rẹ̀ wà nínú bókẹ́ẹ̀tì
tí mo fi ń rẹ aṣọ iṣẹ́ ẹlẹ́jẹ̀.
"Òmíràn ńkọ́?"
Mo wo kàlẹ́ńdà lára fíríìjì.
"Ó tún wà," ni mo wí. "Sátidé tó ń bọ̀."