Ẹ̀mí Mélòó Ló Ní?

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ àná,
gbogbo Adétí dákẹ́ wọ̀ọ̀,
àfi jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tó ń wúkọ́ bí arúgbó.
Mo jókòó ti àwọn fóònù tó sán lójú,
mò ń fi àgánrándì àwọn oníbàárà ṣe àfẹ̀yìntì.

Ìgbà náà ni Tẹ̀júmọ́lá dé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù ìyá rẹ̀
bí ẹni gbé ẹyẹ tó ń kú lọ.
"Ó ti kú, bùrọ̀dá. Ó ku díẹ̀ kí n pa ọ̀gá wọn!"
Bátìrì ló tán, kò sí nǹkan mìíràn.
Mo ní kó jókòó de iná.
Ó jókòó. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò jókòó:
ó ń tẹ afẹ́fẹ́, ó ń tẹ orúnkún.

Ṣkúrù kan ni mò ń wá nínú agolo irin bàbá mi
tí ọwọ́ mi fi kan ohun ṣóńṣó kan.
Òkòtó.
Ara agolo mílíìkì ni mo ti gé e,
mo fi òkúta lù ú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan,
mo lọ̀ ọ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mú.
Ìyá mi nà mí nítorí sìmẹ́ǹtì yẹn.

Mo gbé e sórí káńtà, mo fi ìka méjì yí i.
Ó ràn,
ó ràn títí ó fi dà bí ẹni pé kò ràn mọ́,
ó dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń kùn bí oyin.
Ọmọ náà sún mọ́ ọn.
"Ibo la ti ń ṣájì rẹ̀?"
Mo na ìka mi sí i.
"Ẹ̀mí mélòó ló ní?"
Mo la ẹnu, mo tún pa á dé.

Ní àgbàlá wa ní Odò-Ẹ̀ṣẹ̀, àwa mẹ́fà là ń ta á.
Ẹni tó bá pàdánù yóò na ẹ̀yìn ọwọ́ sílẹ̀,
a ó fi irin gbá a, kò gbọdọ̀ sunkún.
Àpá kan wà lórí eegun ìka mi di òní;
iye máàkì tí mo gbà nìyẹn.
N kò ní purọ́ pé ìgbà wa ló dùn jù.
Ọ̀ṣúnlékè a máa rẹ́ wa jẹ, ebi a sì máa pa wá.
Ká ní ẹnìkan gbé eré inú gíláàsì wá bá wa lọ́jọ́ náà,
à bá ju òkòtó sódò.

"Ẹ̀mí kan," ni mo wí, "ṣùgbọ́n bó bá ṣubú, wàá bẹ̀rẹ̀ gbé e."
Ó ta á, ó ṣubú.
Ó ta á, ó sá wọ abẹ́ àpótí,
àwa méjèèjì fi ikùn wọ́lẹ̀ wá a.
Nígbà kẹtàdínlógún (òun ló kà á) ó ràn,
kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń sín lọ.
Ó kígbe tí ajá fi gbó.

Iná dé. Àdúgbò hó: "Ọ́ọ̀pù NÉPÀ!"
Fóònù jí. Ó gbà á, ó lọ, kò wẹ̀yìn,
gíláàsì ń kun ojú rẹ̀ ní búlúù.
Mo ní, ó parí náà nìyẹn.
Mo nawọ́ kí n dá òkòtó padà sínú agolo.
Kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá rẹ̀ kó ọwọ́ lé ìbàdí níwájú mi:
"Kí lẹ fún ọmọ mi? Tíṣà ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọmọ mẹ́jọ ló bá lábẹ́ tábìlì!"
Mo bẹ̀ ẹ́. Ó yí padà, ó lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.
"Ṣé ti mílíìkì ni, àbí ti tòmátò?"
"Ti mílíìkì."
"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í jẹ́ kí n ta á."
Kò wò mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá sísọ́ọ̀sì tí ń gé irin.