Lẹ́tà Kì í Wọ Yàrá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi, Oyèkànmí, fi pín lẹ́tà,
láti Tákíẹ̀ dé Masífà, dé Ìjẹ̀rù,
lórí kẹ̀kẹ́ kan tí agogo rẹ̀ ti yadi.
Kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni rí.
Ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Nísinsìnyí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ iyanrìn yàtọ̀ sí ẹní,
èèrà ń tọ ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.
Mo gbé ínsúlínì dé láti ilé ìwòsàn. Iná ò sí.
Mo ki ìgò náà bọ inú kòkò amọ̀,
mo fi iyanrìn tútù yí i ká, mo da aṣọ rírin bò ó.
"Àwẹ̀ró, kí ló wà nínú ìgò yẹn?"
"Lẹ́tà ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Mo ní: ìlú ni ara yín, sẹ́ẹ̀lì ni agbolé inú rẹ̀.
Ọ̀rá ni wọ́n fi mọ odi agbolé kọ̀ọ̀kan,
ínsúlínì kò sì lè fo odi ọ̀rá.
Àmọ́ purotéènì kan wà tó dúró la odi náà já,
ọwọ́ rẹ̀ níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé.
Lẹ́tà kan ọwọ́ níta,
ẹsẹ̀ mira nínú ilé.

"Ọwọ́ gbà á, ẹsẹ̀ ló mọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn ni látilẹ̀,
bó ṣe ká ara rẹ̀ jọ ló sọ ọ́ di ọlọ́wọ́, ló sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀.
Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá ṣi ààyè,
ọwọ́ lè di kùkùté.
Ìbejì sì ni, wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́:
èkíní á fi fọ́sífétì sàmì sí èkejì lára,
èkejì á sàmì padà.
Ẹni tó ń kọjá á rí àmì, á dúró, wọn á sàmì sí òun náà,
á sáré lọ kan ẹlòmíràn lára, ìyẹn á kan ẹlòmíràn,
títí ìròyìn á fi dé kọ̀rọ̀ kan nínú ilé
tí àwọn ilẹ̀kùn súgà ń sùn sí nínú àpò kéékèèké.
Wọn á gbé ilẹ̀kùn wá síbi odi.
Ìgbà yẹn ni súgà tó lè wọlé.

"Ilé ta ni wọ́n ti ń gbé ilẹ̀kùn rìn?"
"Ilé yín ni, Bàbá."

Ó dákẹ́. Ó ń fi ìka ha orúnkún.
"Ìyá kan wà ní Masífà," ó ní,
"ọmọ rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ láti Kùmásí.
Lọ́dún àkọ́kọ́, kí n tó sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ló ti jáde.
Nígbà tó yá, mo ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Nígbà tó tún yá, ìkànlẹ̀kùn ti sú etí rẹ̀.
Mò ń kàn, mò ń kàn,
owó wà lẹ́nu ọ̀nà, ebi wà nínú ilé.
Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ojú fi ń ta mí,
mo ti sun yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀.
N ò rí i sọ báyìí rí.
"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

"Kí lẹ wá ṣe sí i?"
"Mo kàn án kíkankíkan. Kò ṣiṣẹ́ lọ títí.
Mo wá ní kó dìde, kó máa sìn mí dé etí títì.
Ọjọ́ tó bá rìn, etí rẹ̀ a là."

N ò tíì sọ fún un rárá
pé iṣan tó ń ṣiṣẹ́ mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú kan,
pé ó lè gbé ilẹ̀kùn wá síbi odi
láìdúró de lẹ́tà kankan.

Mo gún abẹ́rẹ́ náà sí i nínú. Kò ṣẹ́jú.
A jẹun. Oòrùn ti rọlẹ̀. Ó wá ọ̀pá rẹ̀,
ó wọ bàtà tí mo ti gbọn òkúta inú rẹ̀ dànù,
a sì gba ọ̀nà Tákíẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
òun ló ń ka ilé fún mi:
ibí yìí, Jọ́ọ̀sì ni tiwọn ti ń wá;
ibí yìí, ajá wọn burú;
ibí yìí ti di ilé epo.