Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹ̀rọ ló sọ pé ọjọ́ mẹ́ta.
Èmi kọ́.
Ẹ kà á kí ẹ rí i: lábẹ́ àwòrán fìlà òwú funfun,
lábẹ́ orúkọ tí mo fi ń tajà,
Ṣẹ̀gi Onífìlà, Òkè-Ṣọ́pẹ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó,
ó fi àwọ̀ ewé kọ ọ́ pé
"Yóò dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta."
N kò mọ ẹni tó bi. Kò bi mí.
Kò bi Káṣìmáwò tó ń fi ọ̀kadà kó ẹrù,
kò sì bi ọ̀nà Orù tí òjò ti là sí méjì.

Obìnrin kan l'Ákúrẹ́ bímọ lọ́jọ́ Ajé.
Ó fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, ọmọ wà ní ọwọ́ kejì:
"Ẹ jọ̀ọ́, ìkómọ di Ajé tó ń bọ̀."
Ọjọ́ mẹ́ta ṣá ni. Àyè á tún ṣẹ́ kù.
Mo hun ún mọ́jú. Iná NẸ́PÀ lọ, kò dágbére,
mo fi eyín di fóònù mú kí tọ́ọ̀ṣì lè mọ́lẹ̀,
bí ajá tó gbé eegun.
Mo fi òdòdó kékeré sí etí fìlà náà,
mo fi ọ̀rá wé e, mo kọ orúkọ.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje àárọ̀, Káṣìmáwò gbé e lọ.
Orúkọ rẹ̀ gan-an ti tó ìkìlọ̀.

Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ìka.
Lọ́dọ̀ tiwa, òní wà nínú iye:
òní, ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ mẹ́ta pé.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ọrún, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ìkómọ,
ọjọ́ tí a bí ọmọ gan-an ni ọjọ́ kìíní.
"Ẹ̀rọ yìí ńkọ́," ni Ìyá wí, "ibo ló ti ń bẹ̀rẹ̀?"
N kò rí èsì.
Mo wo fóònù. Ẹrù wà ní Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́rú, Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́bọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ Ẹtì, ó ti dé Èkó.
Èkó! Ta ló ń ti Ìjẹ̀bú lọ s'Ákúrẹ́ tó gba Èkó,
bí ẹni tó fẹ́ họ imú tó gba ẹ̀yìn orí na ọwọ́?
Síbẹ̀, àwọ̀ ewé náà kò rọ:
"Yóò dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta."

Ajé pé. Fìlà àyálò ni wọ́n fi kó ọmọ jáde.
Wọ́n sọ ọ́ ní Adémúwàgún.
Orúkọ dé kí fìlà tó dé.
Èmi ni wọ́n fi ìràwọ̀ kan fún,
ẹyọ kan, nínú márùn-ún:
"Òpùrọ́ ni onífìlà yìí."
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ọjà orí fóònù,
èsì dé kí n tó gbé ojú kúrò:
"A ti gbọ́. A ó dá yín lóhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta."
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ogójì ọjọ́ ó lé kan, àwòrán wọlé láti Akúrẹ́.
Fìlà mi nìyẹn, òdòdó rẹ̀ ṣì wà létí,
ó dé orí ìgò wàrà.
Orí ọmọ ti jù ú lọ.
Lábẹ́ rẹ̀, obìnrin náà kọ ọ̀rọ̀ kan péré:
"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."
Títí di òní n kò mọ̀ bóyá èébú ni tàbí ìdáríjì.

Ní báyìí, bí ìyá kan bá ní kí n hun tìkómọ,
mo máa ń béèrè ibi tó ń gbé.
Ṣàgámù, n kì í fi nǹkan kún un.
Ìbàdàn, mo fi ojú òwú mẹ́rin kún un.
Akúrẹ́, mẹ́wàá.
Sókótó, ẹ jẹ́ kí n kúkú hun ti ọmọ iléèwé.
Ìyá mi ló ń bá mi ka ojú òwú náà,
ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òní.