Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Lárábà

Láti àárọ̀ ni mo ti wà ní Ápò, lábẹ́ igi máńgòrò kan
tí epo ẹ́ńjìnnì ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú.
Háílọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa wà lórí jáàkì,
ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ti ẹja tí wọ́n fẹ́ yan,
ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ń sun epo bí ẹni ń sunkún.

Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e sókè.
Íǹṣì mẹ́rin ni mo fẹ́.
Mo ti rí tàwọn ọmọ ọlọ́lá létí adágún Jábì,
ọkọ̀ tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ilẹ̀,
táyà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, eyín rẹ̀ bí eyín ọ̀nì,
tí kò sì tẹ ẹrẹ̀ kankan rí
àfi ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́.

Tànímù nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
Kò bi mí pé eélòó ni mo mú wá.
“Dírẹ́bà, kí lẹ ń gbé? Ibo lẹ ń gbé e gbà?”

Obìnrin tó ń rọbí ni,
láti àwọn abúlé ẹ̀yìn Rúbóṣì dé Gwagwaláda,
lóru, lójò,
ọ̀nà tí òkúta inú rẹ̀ mọ orúkọ mi.
Odò kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe odò lóṣù kejì;
tó bá di oṣù kẹjọ, á béèrè ẹni tó bí ọ.

Ó to ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta sórí àpò sìmẹ́ǹtì.
Tòkunbọ̀ kan: “Àtíkè ló kùn. Ó ti darúgbó.”
Èkejì le gbagidi: “Ti oníbíríkì nìyí.
Ẹ fi gbé aboyún, ìdajì ọ̀nà ni yóò bí i sí.”
Ẹ̀kẹta wúwo lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́,
ó rọra padà, bí ẹni tó gbé ìbínú mì.

“Gbàgyí ni ìyá mi,” ó ní. “A kì í ru ẹrù lórí.
Orí ń ru ojú, ó ń ru etí, ó ń ru ìrònú,
ṣé igi ìdáná la ó tún fi kún un?
Èjìká là ń lò. Èyí gan-an lèjìká ọkọ̀.”

Mo na ọwọ́ sí táyà eléyín ńlá, ó dá mi dúró.
Ti ẹrẹ̀ nìyẹn; lórí ọ̀dà, á máa kùn bí oyin,
bí òjò bá pa ọ̀dà, á yọ̀.
Ó yí alábọ́ọ́dé kan wá, tó mọ ẹrẹ̀, tó mọ títì,
ó fi èékánná tọ́ka nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i, ọdún tí wọ́n bí i.
Táyà a máa gbó lórí ìdúró.

Ó wá ku gíga.

Mo rántí Lárábà, alẹ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án.
Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò dé ẹnu ọkọ̀.
Ó gbé tòsì. Ìrora dì í mú, ó fara ti ilẹ̀kùn.
Ìyá rẹ̀ ò wí nǹkan kan.
Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹrẹ̀,
ó tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ wọlé.
Ọkọ̀ yẹn ò tíì ga ju bí wọ́n ṣe rọ ọ́ lọ.
Èmi yìí náà ni mo wá fẹ́ fi mẹ́rin kún un.

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Íǹṣì mẹ́rin kò ju ìbú rẹ̀ lọ.
Lójú odò, kín ni?
Lójú orúnkún aboyún, òkè ni.

“Méjì,” mo ní. “Kí o sì jó àtẹ̀gùn irin mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, kó rẹlẹ̀.”
“Òkúta á máa gbá a.”
“Jẹ́ kó gbá a. Màá gbé e padà wá, wàá tún un nà.”

Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lórí jáàkì.
Tànímù fi gbogbo ara tẹ ẹ̀yìn rẹ̀;
ó lọ sílẹ̀, ó padà lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Mo ki fóòmù àga sínú ẹ̀wù mi,
mo di ìbàdí mú, èmi ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta,
mo gbé ẹsẹ̀.
Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.
Orúnkún mi dún.
Tànímù ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ àtẹ̀gùn náà,
ó tún na ọwọ́ sí sípánà.